Ta Ni Yóò Ṣe Igbákejì?

Bí ẹ bá bi ọmọkùnrin kan ní Òkè Gada, nílùú Ẹdẹ, pé ta ni ó kó àwọn Super Eagles lọ gba ife Áfíríkà ní South Africa lọ́dún 2013, kí ẹ tó pa ẹnu dé ni yóò ti dá yín lóhùn pé Stephen Keshi ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún bi í pé àwọn wo ni ó dúró lẹ́yìn Keshi, àwọn tí ń kọ́ aṣọ́lé, tí ń to àwọn ará ẹ̀yìn, tí ń sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá létí nígbà tí eré bá le, yóò kàn máa wò yín lójú ni. Kò sí ẹni tí í béèrè orúkọ onígúdúgúdú níbi tí ìyáàlù bá ti ń fọhùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ará Ẹdẹ ni ó sì yẹ kí a mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọba onílù ti jẹ lórí wa rí. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, òkìkí ìlù rẹ̀ sì kàn kọjá odi ìlú wa. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn onílù rí yóò mọ̀ pé bí gúdúgúdú bá dákẹ́ lójijì, ńṣe ni ìyáàlù yóò dà bí ẹni tí ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó dúró lẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ fi ìmọ̀ bọ́ọ̀lù ṣe fáàrí o. Ẹrù ni wọ́n gbé lé mi lórí, ẹrù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín èmi àti ẹni tí mo fẹ́ràn jẹ́.

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa kò ní orúkọ ńlá. Ọmọ mẹ́tàlélógún ni wọ́n, bọ́ọ̀lù mẹ́rin ni wọ́n ní, méjì nínú rẹ̀ ni kò sì lè gba afẹ́fẹ́ dúró di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá tí ń kọ́ wọn, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Kóòṣì, ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹlẹ́sẹ̀ ayò ni ní ìgbà èwe rẹ̀, ohùn rẹ̀ ni ó sì fi ń kọ́ni. Bí ọmọ kan bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá, àwọn tí ń ta iṣu lọ́jà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí kò lè sáré yí pápá ká mọ́, àwọn àgbà àdúgbò pinnu pé kí a wá igbákejì fún un. Owó ọkọ̀ nìkan ni agbára wa ká láti san. Síbẹ̀, ẹni méjì ni ó ní àwọn fẹ́ ẹ.

Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì tí ó lọ sí Òṣogbo. Ọdún mẹ́fà ni ó fi gbá bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn kí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀. Bùrọ̀dá ni mo ń pè é, bí a kò tilẹ̀ jọ bá ara wa tan. Òun ni ó kọ́ mi bí a ti ń fi inú ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje. Lọ́dún tí bàbá mi kò rí owó, òun náà ni ó san owó ìdánwò mi tí mo fi jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹnì kejì jẹ́ tísà ìṣirò. Kò gbá bọ́ọ̀lù kọjá pápá ilé ẹ̀kọ́ rí. Ní àsìkò ìsinmi ni ó fi owó ara rẹ̀ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wálé. Bí ó bá dé pápá, ìwé kékeré kan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọmọ ní kí ó fi ẹsẹ̀ jó bọ́ọ̀lù fún àwọn rí, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ó ta á kí ó tó sá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Òun náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, èyí sì dùn mọ́ mi nínú.

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀. Nítorí pé mo wà ní yunifásítì, àwọn àgbà gbà pé kò sí ohun tí n kò lè wádìí. Wọ́n ní kí n lọ wo irú ẹni tí wọ́n fi ń ṣe igbákejì níbi tí bọ́ọ̀lù ti di iṣẹ́, kí n sì kọ èrò mi wá sí ìpàdé. Mo bá jókòó tì í.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni ti ẹlẹ́sẹ̀ ayò tí ó fẹ̀yìn tì. Ẹ wo Keshi fúnra rẹ̀. Òun ni balógun ikọ̀ tí ó gba ife Áfíríkà ní Tunisia lọ́dún 1994. Nígbà tí ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá fún orílẹ̀-èdè wa, kò gun orí àga ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́ Amodu Shuaibu ni ó ti ṣe igbákejì, òun àti Joe Erico, aṣọ́lé àtijọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sapá tí Nàìjíríà fi yege fún ife àgbáyé 2002. Nígbà tí ikọ̀ wa ṣe ipò kẹta ní Mali ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, inú àwọn aláṣẹ kò dùn, wọ́n sì lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ pọ̀. Ẹ rí i pé bí ìyà bá dé, igbákejì a máa jẹ tirẹ̀ kúnkún. Ìgbà tí ògo bá dé ni wọn kì í rí i. Keshi forí lé Tógò, ó mú wọn yege fún ife àgbáyé 2006, èyí tí wọn kò ṣe rí nínú ìtàn wọn, wọ́n sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dé Jámánì. Lọ́dún 2011 ni ó padà wálé láti wá ṣe ọ̀gá. Nígbà tí ó gba ife ní 2013, òun ni ó di ẹnì kejì tí yóò gba á gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, lẹ́yìn Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì. Òun àti Amodu, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, kú láàárín ọjọ́ mélòó kan síra wọn nínú oṣù kẹfà ọdún 2016. Mo rántí bí ọ̀rọ̀ náà ti ká àwọn ènìyàn lára ní Ẹdẹ. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ará ilé wọn ni.

Ta wá ni ó dúró ti Keshi ní South Africa? Daniel Amokachi ni ọ̀kan, ẹni tí ó gba ife FA pẹ̀lú Everton lọ́dún 1995. Ike Shorunmu ni ó ń bójú tó àwọn aṣọ́lé. Òun ni ó ṣọ́ ilé fún wa ní ife àgbáyé 2002. Ẹlẹ́sẹ̀ ayò lọ́tùn-ún, aṣọ́lé lósì. Ní 2020 ẹ̀wẹ̀, wọ́n fi Joseph Yobo, balógun ikọ̀ 2013, ṣe igbákejì Gernot Rohr, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì kọ́ ẹgbẹ́ ńlá kankan rí. Ariwo pọ̀ lórí èyí nígbà náà. Ní tèmi, mo rò pé a máa ń fi àga igbákejì ta àwọn ọmọ wa tí ó ti ṣiṣẹ́ fún wa lọ́rẹ, bí ìgbà tí wọ́n ń fi oyè dá àgbà lọ́lá. Kò burú láti dá ènìyàn lọ́lá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

Àwọn òyìnbó tí wọ́n wá bá wa ṣiṣẹ́ náà ní igbákejì tiwọn. Clemens Westerhof tí ó gba ife 1994 kò dá wá: Bonfrere Jo, tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún MVV ní Maastricht, ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó di 1996, Bonfrere yìí ni ó kó àwọn ọmọ wa lọ sí Atlanta, tí wọ́n na Brazil ní 4–3, tí wọ́n na Argentina ní 3–2, tí wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Ẹni tí ó ti ń wo àwọn ọmọ náà láti ẹ̀yìn fún ọdún púpọ̀ mọ ibi tí bàtà ti ń ta oníkálukú wọn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka gbogbo èyí, inú mi dùn, nítorí pé ó gbe Bùrọ̀dá. Ọ̀nà tirẹ̀ nìyí: gbá a, fẹ̀yìn tì, dúró ti ọ̀gá. Ìwé tí mo fẹ́ kọ ti ń parí nínú ọkàn mi.

Ohun tí ó dá mi dúró ni orúkọ Adegboye Onigbinde. Ará Modákẹ́kẹ́ ni, ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Iṣẹ́ tísà ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Òkìkí rẹ̀ kò ti ara gbígbá bọ́ọ̀lù wá. Lọ́dún 1984 kan ṣoṣo, tísà yìí kó ikọ̀ Nàìjíríà dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní Ivory Coast, ibi tí Cameroon ti na wa ní 3–1, ó sì tún kó Shooting Stars ti Ìbàdàn dé àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà, kí Zamalek tó borí wọn. Òun náà ni wọ́n sáré pè nígbà tí wọ́n lé Amodu, Keshi àti Erico lọ ní 2002, tí a fi gbá ọ̀mì pẹ̀lú England ní Japan. Bàbá mi sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bínú nígbà náà pé, kí ni tísà mọ̀? Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn ọmọ Òkè Gada ń bi ara wọn nípa tísà tiwa.

Mo wá rí i pé mo ní láti wo ibi tí wọ́n ti sọ iṣẹ́ igbákejì di nǹkan ńlá ju ti ibikíbi lọ, ìyẹn nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì rí i rí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù ọ̀hún sá, ó gùn, ó sì ṣe ṣónṣó ní orí méjèèjì. Mo wò ó lórí ẹ̀rọ ní alẹ́ mẹ́ta kí n tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn tí ń kọlu ọ̀tá yàtọ̀, àwọn tí ń dènà yàtọ̀, bí ọ̀wọ́ kan bá wọlé, ọ̀wọ́ kejì a jáde. Nítorí náà ọ̀gá kan kò lè dá a ṣe. Ẹgbẹ́ kan lè ní igbákejì tí ó lé ní mẹ́wàá, olúkúlùkù pẹ̀lú apá tirẹ̀.

Láàárín 1954 sí 1958, àwọn igbákejì méjì kan wà ní ẹgbẹ́ New York Giants, lábẹ́ ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Jim Lee Howell. Ọ̀kan ni Vince Lombardi. Ọmọ alápatà ni, ní Brooklyn. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì Fordham, ṣùgbọ́n kò fi gbígbá ṣe iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ńlá. Lọ́dún 1939, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù pè é wá ṣe igbákejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama St. Cecilia ní New Jersey, ó sì tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní Látìn, físíìsì àti kẹ́místírì. Tísà pọ́ńbélé! Ọdún mẹ́jọ ni ó lò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe igbákejì ní Fordham, àti ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní West Point, kí ó tó dé Giants.

Èkejì ni Tom Landry, ará Texas, ọmọ mẹkáníìkì. (Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo rẹ́rìn-ín nínú yàrá mi.) Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó bá wọn wa ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù lọ sójú ogun ní ìgbà ọgbọ̀n. Ó padà dé, ó kàwé títí ó fi gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Giants lẹ́nu kan náà. Fún ọdún méjì, ó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ó sì jẹ́ igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú ẹgbẹ́ kan náà.

Howell gbé àwọn tí ń kọlu lé Lombardi lọ́wọ́, ó gbé àwọn tí ń dènà lé Landry lọ́wọ́, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣe é. Ní 1956, wọ́n na Chicago Bears ní 47–7, wọ́n sì gba ife. Lombardi lọ ṣe ọ̀gá ní Green Bay lọ́dún 1959, ó gba ife márùn-ún níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ife tí wọ́n ń dù lónìí. Landry lọ sí Dallas ní 1960, ó sì lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lórí àga kan ṣoṣo. Mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ Howell rí? Bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó ń ṣe mí ní kàyéfì jù lọ. Òun fúnra rẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù fún Giants rí, ó sì lè kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ kí wọ́n jọ máa sọ ìtàn àtijọ́. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó wá kiri.

Ọ̀nà kẹta tilẹ̀ tún wà. Bill Belichick, tí ó padà wá gba ife mẹ́fà pẹ̀lú New England, kò gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ ńlá rí. Lọ́dún 1975 ni ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Baltimore Colts, dọ́là 25 lọ́sẹ̀ kan, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa wo fíìmù eré kí ó máa kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ọmọ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, ilé ni ó ti kọ́ ọ. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí ń fi fóònù ya àwòrán gbogbo eré wa, ìyá rẹ̀ sì ń bú u pé ó ń fi dátà ṣòfò. Mo ti sọ ti Belichick fún ìyá náà. Kò gbà.

Ìgbà tí mo kà dé ibẹ̀ ni mo mọ̀ pé ìbéèrè tí wọ́n bi mi kò tọ̀nà. Wọ́n bi mí pé ta ni ó mọ bọ́ọ̀lù jù, tísà ni tàbí ẹlẹ́sẹ̀ ayò. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, kí ni Bàbá Kóòṣì kò ní? Bàbá Kóòṣì mọ bọ́ọ̀lù. Ó lè fi ẹsẹ̀ tí ń dùn ún yẹn ṣe ohun tí ọmọ ogún ọdún kò lè ṣe. Ohun tí kò ní ni àkọsílẹ̀. Ní ìdíje tí ó kọjá, wọ́n gba àmì ayò lọ́wọ́ wa nítorí pé a fi ọmọ kan tí ó ti gba káàdì ìyẹ́lò méjì wọlé. Kò sí ẹni tí ó kà á. Àwọn ọmọ méjì ń fi ẹsẹ̀ ríro gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bùrọ̀dá mi ọ̀wọ́n, ohun tí Bàbá Kóòṣì ní gẹ́lẹ́ ni òun náà ní. Bí a bá fi ìyáàlù ti ìyáàlù lẹ́yìn, ta ni yóò lu gúdúgúdú?

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ tán, mo fà á ya, mo sì tún un kọ. Ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé, mo kà á sí etí gbogbo wọn, Bùrọ̀dá sì wà níbẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, òróró ẹ̀rọ ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ṣé ìwọ ni o kọ èyí fúnra rẹ?”

Mo ní, “Èmi ni, Bùrọ̀dá. Ẹ má bínú, sà.”

Ó ní, “Ó dáa.” Ó dé fìlà rẹ̀, ó kí àwọn àgbà pé ó dàárọ̀, ó sì jáde. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún tísà.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀ nílé wa. Ìyá mi bi mí pé ṣé ẹni tí ó san owó ìdánwò mi ni mo kọ ìwé lé jáde. Mo ṣàlàyé ti Lombardi àti ti Landry fún un. Ó ní òun kò mọ̀ wọ́n, ṣé wọ́n ti bá wa jẹun rí? N kò rí èsì fọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Bùrọ̀dá kọjá, orí ẹ́ńjìnnì ni ojú rẹ̀ máa ń wà.

Tísà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó la ìwé kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ orí, káàdì, ìgbà tí ẹsẹ̀ dùn ún, ìgbà tí ó pa eré jẹ. Bàbá Kóòṣì kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti sọ pápá di kíláàsì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé ìwé náà ń fi hàn àwọn ọmọ tí ó máa ń rẹ̀ kí eré tó parí, ó dákẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, “Kí ni ìwé rẹ wí lónìí?” Ohun tí tísà kò lè ṣe ni kí ó kọ́ àwọn ará ẹ̀yìn bí a ti ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹni. Ó kà á nínú ìwé, ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ tí kò ní àrùn kankan lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bùrọ̀dá, ó ní kí ó bá òun wò ó. N kò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, Bùrọ̀dá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní agogo mẹ́rin, ó wá sí pápá, ó kó àwọn ará ẹ̀yìn sí apá kan, ó sì ń fi orúnkún rẹ̀ tí ó yẹ̀ yẹn ṣe àpẹẹrẹ fún wọn.

Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ó ń wá. Owó ọkọ̀ rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò ìgbìmọ̀, tísà ni ó ń pín tirẹ̀ fún un, mo sì ti kọ ìwé mìíràn sí àwọn àgbà lórí ìyẹn. Wọn kò tíì fèsì. Ní báyìí, bí mo bá kí Bùrọ̀dá, a máa dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n “akọ̀wé” ni ó ń pè mí. Kò tíì padà sí orúkọ tí ó máa ń pè mí láti kékeré.